Ìpá: ohun tí ó jẹ́, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti ìgbà tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ olówùú

Nínú ìwé yìí, òwú la sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí: ìgbà tí a ń gbìn ín, bí a ṣe ń fún oògùn kòkòrò, bí a ṣe ń kó o kí ìdọ̀tí má bàa wọ inú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ara ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ òwú ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Àìsàn kan wà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń fi ṣòkòtò bò mọ́lẹ̀. Wọn kì í sọ fún aya, wọn kì í sọ fún ẹ̀gbọ́n, títí yóò fi dá wọn dùbúlẹ̀ láàrin ìgbà ìkórè. Ìpá ni orúkọ rẹ̀. Lórí ìwé dókítà, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Faransé báyìí: hernie inguinale.

Iṣẹ́ oko ni mo kọ́, n kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ohun tí àwọn dókítà ti mọ̀ dájú ni mo tú sí èdè wa níhìn-ín. Ẹni tí ó bá rí àmì rẹ̀ lára, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni kí ó lọ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, nítorí ìwé kò lè yẹ ara wò. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ka ẹ̀kọ́ yìí sókè ní ìpàdé, kí ẹ sì dúró sọ̀rọ̀ lórí apá kọ̀ọ̀kan.

1. Kí ni ìpá?

Ẹ wo àpò tí a di òwú sí, tí a sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ títí ó fi le. Bí ojú rírán kan bá tú lára àpò náà, òwú a yọ orí síta níbẹ̀. Ẹ lè fi ọwọ́ tì í wọlé. Bí ẹ bá tún gbé àpò náà nílẹ̀, a tún yọ. Òwú kò bàjẹ́, àpò ni ó lu.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìpá rí. Ikùn wa ní ògiri tí ó jẹ́ iṣan àti awọ líle, ìfun sì wà lẹ́yìn ògiri náà. Ní ibi tí ikùn ti pàdé itan, lọ́tùn-ún àti lósì, ọ̀nà tóóró kan wà nínú ògiri yìí. Nígbà tí ọmọkùnrin ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, inú ikùn ni kórópọ̀n rẹ̀ méjèèjì wà. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà sọ̀kalẹ̀ sínú àpò wọn kí a tó bí i. Lẹ́yìn náà ó yẹ kí ọ̀nà náà dí. Lára àwọn kan kì í dí tán. Lára àwọn mìíràn ó dí, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, ògiri ibẹ̀ ń rẹ̀, ó ń fẹ̀. Ìfun tàbí ọ̀rá inú a wá gba ibẹ̀ yọ jáde sábẹ́ awọ ara. Nígbà mìíràn ó lè sọ̀kalẹ̀ títí dé inú àpò kórópọ̀n.

Nítorí ọ̀nà yìí ni àwọn ọkùnrin fi ń ní in ju obìnrin lọ. Bí a bá kó ènìyàn mẹ́wàá tí ó ní in jọ, bí mẹ́sàn-án nínú wọn ni yóò jẹ́ ọkùnrin. Apá ọ̀tún ni ó sì wọ́pọ̀ jù.

2. Kí ni ó ń fà á?

Ohun méjì ni ó ń pàdé. Èkíní ni ibi tí ó ti rẹ̀ lára ògiri ikùn: a lè bí i mọ́ ènìyàn, ó sì lè wà nínú ìdílé. Èkejì ni ohunkóhun tí ó ń ti inú síta pẹ̀lú agbára:

- Gbígbé ẹrù wúwo lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ ìfúnoògùn tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí ó gba omi lítà 16, ti wúwo tó kílò 16 kí a tó ka ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Dídi òwú, gbígbé e lé orí ìwọ̀n, àti jíjù ú sínú ọkọ̀ akẹ́rù tún wà níbẹ̀.
- Ikọ́ tí kò lọ. Sìgá wà lára ohun tí ń fà á.
- Ìgbẹ́ líle, tí ènìyàn ń fún ara kí ó tó lè yà á.
- Ìtọ̀ tí kò já geere lára àwọn bàbá àgbà, tí wọ́n ń fún ikùn kí ó tó jáde. Èyí náà fẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tí kì í fà á pẹ̀lú. Ìpá kì í ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Kì í ṣe ẹ̀san ìwà búburú, kì í sì ṣe àmì pé ènìyàn kì í ṣe ọkùnrin tó. Ògiri tí ó lu ni.

3. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n

- Ohun kan wú ní ibi tí ikùn ti pàdé itan, tàbí nínú àpò kórópọ̀n.
- Ó ń tóbi bí ènìyàn bá dìde dúró, bí ó bá wúkọ́ tàbí bí ó bá gbé ẹrù.
- Bí ó bá dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ó ń wọlé padà fúnra rẹ̀, tàbí kí ó wọlé bí a bá rọra fi ọwọ́ tì í.
- Ó lè máa wúwo, kí ó máa fà, kí ó máa gbóná díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Lára àwọn mìíràn kì í dun rárá.

Ẹ kíyè sí i: gbogbo wíwú kọ́ ni ìpá. Omi lè kún inú àpò kórópọ̀n. Èyí kì í wọlé padà bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, àwọn ènìyàn wa sì sábà máa ń fi orúkọ kan náà pe méjèèjì. Kókó lè wú sí ibẹ̀ nítorí egbò ẹsẹ̀. Bí kórópọ̀n ọ̀dọ́mọkùnrin bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lójijì, tí ìrora náà pọ̀ gan-an, ó ṣeé ṣe kí ó ti lọ́ mọ́ra nínú àpò rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní wákàtí náà. Ìtọ́jú wọn kò dọ́gba, nítorí náà ni a kò fi gbọdọ̀ máa fi ojú lásán sọ pé báyìí ni.

4. Ìgbà tí ìpá ń di ikú

Ìpá tí ń jáde tí ó sì ń wọlé kì í pa ènìyàn. Èyí tí ó jáde tí kò lè wọlé mọ́ ni ó léwu. Ẹnu ihò náà a fún ìfun lọ́rùn, bí okùn ti ń fún ọrùn àpò. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé inú ìfun náà mọ́. Láàrin wákàtí bíi mẹ́fà, ìfun tí kò rí ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ó bá kú, a lu, ìdọ̀tí a dà sínú ikùn, ẹni náà sì lè kú.

Ẹ kọ́ àwọn àmì ewu wọ̀nyí sórí, kí àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ ilé náà mọ̀ wọ́n:

- Ìpá náà le, ó ń dunni gan-an, kò sì wọlé mọ́ bí a tilẹ̀ dùbúlẹ̀.
- Awọ orí rẹ̀ pọ́n, tàbí ó ń dúdú.
- Èébì ń bọ̀, ikùn ń wú.
- Ènìyàn kò lè yàgbẹ́, kò sì lè só.
- Ara rẹ̀ gbóná, tàbí ó ń làágùn tútù.

Kò di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé. Bí ẹ bá rí èkíní nìkan, ẹ gbéra.

Ohun tí ẹ ó ṣe: Ẹ wá ọkọ̀ tàbí zemidjan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Ẹ gba ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ lọ, bí ilé ìwòsàn ńlá ti Pobè tàbí ti Ṣábẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá wà nítòsí, kí ẹnìkan pè é kí ó ránṣẹ́ síwájú. Kí ẹnìkan tí ó lè fún un ní ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e bí ó bá ṣeé ṣe.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe: Ẹ má fi agbára tì í wọlé, ìfun tí ó ti ń kú lè já. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi, nítorí a ó kun ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ má fún un ní àgbo tí ń yánú, ẹ má rọ omi sí i ní ìdí. Ẹ má fi abẹ sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ohun gbígbóná jó o. Ẹ má sọ pé ká dúró di ọjọ́ ọjà tàbí ká parí wíwọn òwú.

5. Báwo ni a ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Ẹ padà sí àpò wa. Bí ẹ bá di okùn mọ́ ibi tí ó lu, òwú kò ní yọ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ihò ṣì wà níbẹ̀. Báyìí ni bẹ́líìtì àti aṣọ tí àwọn kan ń dì mọ́ ìdí ṣe rí: wọ́n lè dín fífà kù, wọn kò lè dí ihò. Ewé tàbí egbòogi tí a ń mu kò lè rán ògiri tí ó ya. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni ó ń dí i.

Iṣẹ́ abẹ náà kì í pẹ́. Ó sábà máa ń gba bíi wákàtí kan. A lè fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú ibi tí a fẹ́ là kú nìkan, tàbí abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn tí yóò mú ìdajì ara ìsàlẹ̀ kú. Nígbà mìíràn a lè kun ún lóorun pátápátá. Dókítà a la awọ díẹ̀, a dá ìfun padà sí ààyè rẹ̀, a wá tún ògiri náà ṣe.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tún un ṣe. Èkíní ni kí wọ́n fi òwú ìránṣọ ti ilé ìwòsàn fa etí ihò méjèèjì pọ̀, kí wọ́n rán an. Dókítà ará Ítálì kan, Edoardo Bassini, ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní ọdún 1884, tí ó ń rán ògiri náà ní ìpele-ìpele. Kí ó tó dé, ìpá sábà máa ń padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Èkejì ni kí wọ́n fi àwọ̀n tínrín kan lẹ ihò náà, bí ẹni fi aṣọ lẹ àpò. Ara a hù wọ inú ojú àwọ̀n náà, ibẹ̀ a sì le. Irving Lichtenstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà yìí ní 1989. Nítorí pé wọn kò fa ara pọ̀ tipátipá, ìpá kì í sábà padà mọ́.

Àwọ̀n tí àwọn ilé iṣẹ́ ìlú òyìnbó ń ṣe wọ́n. Ní orílẹ̀-èdè Ùgáńdà, àwọn dókítà lo irú aṣọ tí a fi ń ṣe àwọ̀n ẹ̀fọn fún àwọn kan, wọ́n lo àwọ̀n olówó ńlá fún àwọn yòókù. Ọkùnrin 302 ni wọ́n ṣe é fún. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ pàtàkì láàrin àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe àwọ̀n ẹ̀fọn tí ó wà lórí ibùsùn yín o! Oògùn kòkòrò wà lára ti ilé. Èyí tí àwọn dókítà lò kò ní oògùn lára, wọ́n sì ti pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ inú ara ènìyàn.

Gbogbo ìpá kọ́ ni a ó là lọ́sẹ̀ kan náà. Dókítà lè sọ fún àgbàlagbà tí tirẹ̀ kéré tí kò sì dùn ún pé kí ó máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé ẹrù, tí ilé rẹ̀ sì jìnnà sí ilé ìwòsàn, kí ó sọ méjèèjì fún dókítà kí wọ́n tó jọ pinnu.

6. Ìbẹ̀rù tí ń dá àwọn ènìyàn dúró

“Bí wọ́n bá là mí, n kò ní lè bímọ mọ́.” Ògiri ikùn ni wọ́n ń tún ṣe. Agbára ọkùnrin kò sí níbẹ̀. Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí kórópọ̀n ń gba ìtòsí ibẹ̀ kọjá, nítorí náà ni ó fi yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ dáadáa ni yóò ṣe é, ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe nínú ìyàrá ẹnìkan.

“Ó máa ń padà.” Ó lè padà lára àwọn díẹ̀, pàápàá ẹni tí ó bá tètè padà sí ẹrù wúwo. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ, kì í padà.

“Iṣẹ́ abẹ ń pa ènìyàn.” Kò sí iṣẹ́ abẹ tí kò ní ewu rárá: ẹ̀jẹ̀ lè dà, ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀, ìrora lè pẹ́ lára àwọn kan. Ṣùgbọ́n ewu iṣẹ́ abẹ tí a ṣètò sílẹ̀ kéré gan-an sí ti èyí tí a ṣe ní òru nígbà tí ìfun ti kú. Àwọn tí ẹ gbọ́ pé wọ́n kú, ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n dé ilé ìwòsàn.

7. Ìgbà wo ni ó dára kí àgbẹ̀ olówùú ṣe é?

Níhìn-ín ni ìmọ̀ oko ti lè ran ìlera lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní àmì ewu lè yan àkókò rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ènìyàn lè rìn ní ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì. Ó lè ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹrù wúwo, ọkọ́ àti ẹ̀rọ ìfúnoògùn ní láti dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Láti oṣù kọkànlá ni a ti ń kó òwú. Lẹ́yìn títà, owó ń wọlé, iṣẹ́ sì dínkù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ abẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ̀ pé ní àárín oṣù kẹta. Ara rẹ̀ ti dá kí òjò tó dúró dáadáa, yóò sì ti lágbára kí a tó gbin òwú ní oṣù kẹfà àti oṣù keje. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ó dúró di ọdún tí ń bọ̀ yóò fi ìpá náà pa ebè, yóò fi í gbé ẹ̀rọ ìfúnoògùn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì, yóò sì fi í gbé òwú.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká sọ pé àgbẹ̀ méjì ní irú ìpá kan náà, wọ́n sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan. Èkíní sọ fún aya rẹ̀ àti fún ààrẹ ẹgbẹ́. Ó lọ bèèrè iye tí yóò ná an ní ilé ìwòsàn, ó yọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú owó òwú, ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ ní oṣù kejì. Èkejì di aṣọ mọ́ ìdí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ wá kó òwú, tirẹ̀ jáde, kò wọlé mọ́. Wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n ní yóò lọ. Ní ọjọ́ kẹta ni ó tó dé ilé ìwòsàn. Bí ó bá yè, a ó ti gé lára ìfun rẹ̀, yóò pẹ́ níbẹ̀, owó òwú ọdún náà yóò sì tán síbẹ̀. Bí kò bá yè, oko rẹ̀ wà níbẹ̀, gbèsè ajílẹ̀ àti oògùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ ti ń dúró fún gbèsè ara wọn, ta ni yóò san án? Àwọn àgbà ní, àìtètè mólè, olè ń mólóko.

8. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

- Kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kí ó sì mọ́. Ẹ má fi ewé, eérú tàbí oògùn òwú kàn án.
- Kí ẹni náà máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ó má dùbúlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́.
- Kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, kí ìgbẹ́ má bàa le.
- Bí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ di ibẹ̀ mú.
- Bí ibà bá mú un, bí ọyún bá ń jáde, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tàbí bí ibẹ̀ bá ń wú sí i, kí ó padà sí ilé ìwòsàn. Kí ó má dúró di ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

9. Ọmọdé àti obìnrin

Bí ìyá bá rí i pé ibi tí ikùn ọmọ rẹ̀ ti pàdé itan ń wú nígbà tí ọmọ bá ń ké, kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìpẹ́. Irú èyí kì í dí fúnra rẹ̀, ó sì tètè máa ń há lára ọmọ ọwọ́. Ìdodo tí ó yọ yàtọ̀: ó sábà máa ń wọlé fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún. Ẹ má fi owó irin tàbí ohunkóhun dì í.

Obìnrin kì í sábà ní ìpá, ṣùgbọ́n ti obìnrin lè farapamọ́ sí ìsàlẹ̀, ní òkè itan, ó sì tètè máa ń há. Ìyá tí ó bá rí kókó níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú tì í láti sọ.

10. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

- Kí ẹ yan ẹnìkan, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí ènìyàn lè bá sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tí wọn kò ní tú àṣírí.
- Kí wọ́n lọ bèèrè ní ilé ìwòsàn: èló ni iṣẹ́ abẹ ìpá, kí ni owó náà kún, ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣe é? Kí wọ́n mú èsì wá sí ìpàdé kí a tó pín owó òwú.
- Kí ẹ fi díẹ̀ sínú àpótí ẹgbẹ́ fún ọkọ̀ òru, kí nọ́ńbà oníkẹ̀kẹ́ kan wà lọ́wọ́ gbogbo ilé.
- Kí ẹ má jẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo gbé àpò òwú. Kí ènìyàn méjì di etí rẹ̀ mú, kí wọ́n tẹ orúnkún, kí ẹrù sún mọ́ ara.
- Kí ẹ bá ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ ro oko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun láàrin wa.

Ìbéèrè fún ìpàdé

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìpá tí a lè yan ọjọ́ fún àti èyí tí kò lè dúró di ọ̀la?
2. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní abúlé wa ní agogo méjìlá òru, ta ni a ó pè, ọkọ̀ wo ni a ó wọ̀, ibo ni a ó gbà?
3. Kí ni ó ń jẹ́ kí àwọn ọkùnrin wa máa bò ó mọ́lẹ̀, kí sì ni a lè ṣe nípa rẹ̀?

Kí ẹ kọ èsì ìbéèrè kejì sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹ sì kà á sókè lẹ́ẹ̀kan sí i kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Kí òwú ṣe dáadáa, kí ara tí ń kó o le.